‘Zombie’ inú Linux: Àkúdàáyà Kọ́, Adúrójábọ̀ Ni

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Wọ́n tún ní orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Orí orúkọ kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí dá lé, ṣùgbọ́n orúkọ náà ti mú kí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà máa lu òkú, kí wọ́n sì fi alààyè tí ó yẹ kí wọ́n bá wí sílẹ̀.

Orúkọ náà ni zombie, bí àwọn tí ń lo Linux ṣe máa ń pè é. Linux ni ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland ní ọdún 1991. Ó jogún ọ̀pọ̀ nínú àṣà rẹ̀ lọ́dọ̀ Unix, èyí tí Ken Thompson, Dennis Ritchie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1969. Òun ni ó wà nísàlẹ̀ Android inú fóònù ọ̀pọ̀ nínú yín. Òun náà ni ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà ńlá tí ń bá ayé tọ́jú owó àti ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tí ó ń túmọ̀ ìwé ìtọ́ni kan nípa rẹ̀ sí Yorùbá dé ibi ọ̀rọ̀ yìí, ó sì bi mí pé: ‘Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí n kọ àkúdàáyà síbẹ̀?’ Mo ní kí ó dúró ná. Ohun tí mo ń kọ yìí ni èsì mi.

KÍ NI Ó Ń ṢẸLẸ̀ GAN-AN?

Olùtumọ̀ tí kò bá mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ yóò máa túmọ̀ lẹ́tà ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo nǹkan náà fúnra rẹ̀.

Nínú Linux, iṣẹ́ kan ni ó ń bí iṣẹ́ mìíràn. Bí ẹ bá tẹ àṣẹ kan, iṣẹ́ tí ó gba àṣẹ náà lọ́wọ́ yín yóò bí ọmọ kan, yóò sì rán an lọ ṣe é. Ọmọ yìí ní nọ́ńbà tirẹ̀, nọ́ńbà òbí rẹ̀ sì wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó bá parí ohun tí a rán an, kì í kàn pòórá. Kernel, tí í ṣe ọkàn Linux, yóò gba àyè ìrántí tí ọmọ náà ń lò padà, yóò sì ti àwọn fáìlì tí ó ṣí. Ṣùgbọ́n yóò fi ìlà kan sílẹ̀ fún un nínú ìwé orúkọ. Orí ìlà yẹn ni àbọ̀ iṣẹ́ náà wà, nọ́ńbà kékeré kan. Òdo túmọ̀ sí pé iṣẹ́ lọ déédéé. Nọ́ńbà mìíràn, láti 1 títí dé 255, sábà máa ń túmọ̀ sí pé nǹkan kan kò lọ bí ó ṣe yẹ.

Kernel yóò wá ta òbí lólobó pé ọmọ rẹ̀ ti dé. Òbí ni yóò béèrè àbọ̀, nípasẹ̀ ìpè tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ wait. Bí ó bá ti gbà á, kernel yóò pa ìlà náà rẹ́, ọ̀rọ̀ sì parí. Àkókò tí ó wà láàárín ìgbà tí ọmọ parí iṣẹ́ àti ìgbà tí òbí gba àbọ̀ ni ọmọ náà ń jẹ́ zombie. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Iṣẹ́ púpọ̀ ní í gba ibẹ̀ kọjá kí ojú tó ṣẹ́. Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òbí kò bá béèrè àbọ̀ rárá.

Ẹyọ kan kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Kì í lo agbára kọ̀ǹpútà, kì í sì í gba àyè ju ìlà orúkọ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò pọ̀ títí láé. Ààlà tí Linux ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ ni 32,768. Lórí kọ̀ǹpútà 64-bit, a lè sún un dé 4,194,304. Bí òbí kan bá ń bímọ ní gbogbo ìṣẹ́jú tí kò sì gba àbọ̀ ẹyọ kan, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí nọ́ńbà yóò tán. Ní ọjọ́ náà, kò sí iṣẹ́ tuntun tí yóò lè bẹ̀rẹ̀, àti èyí tí ẹ fẹ́ fi wo ohun tí ó bàjẹ́ pàápàá.

ORÚKỌ MẸ́TA TÍ KÒ BÁ A MU

Ẹ jẹ́ kí á wá wo àwọn orúkọ tí ó wà nílẹ̀.

Èkíní ni zombie fúnra rẹ̀. Haiti ni ọ̀rọ̀ náà ti gbilẹ̀, àwọn onímọ̀ sì so ó mọ́ àwọn èdè agbègbè Kongo ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní Haiti, òkú tí oṣó jí dìde láti máa fi ṣiṣẹ́ bí ẹrú ni. Ẹ kíyè sí i pé òkú Haiti ń ṣiṣẹ́. Ti Linux kì í ṣe iṣẹ́ kankan. Ó ti parí tirẹ̀.

Èkejì ni zombie ti Fẹlá, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ gbọ́. Ní ọdún 1976, Fẹlá fi ọ̀rọ̀ yìí pe àwọn ọmọ ogun tí kì í ṣe ohunkóhun àfi bí a bá pàṣẹ fún wọn. Ní oṣù kejì ọdún 1977, àwọn ọmọ ogun kọlu ilé rẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì dáná sun ún. Ti Fẹlá ń gbọ́ gbogbo àṣẹ. Ti Linux kì í gbọ́ àṣẹ kankan. Bí ẹ tilẹ̀ rán kill -9 sí i ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí àṣẹ àṣekẹ́yìn, ibẹ̀ náà ni yóò wà. Kò sí bí a ṣe lè pa ohun tí ó ti kú.

Ẹ̀kẹta ni àkúdàáyà, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ mi fẹ́ lò. Ọ̀rọ̀ Yorùbá gidi ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni àkúdàáyà? Ẹni tí ó kú ní ìlú kan tí a tún wá rí i ní ìlú mìíràn ni, níbi tí ó ti ń ná ọjà, tí ó fẹ́ aya, tí ó tilẹ̀ lè ti bímọ. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ayé mìíràn. Zombie inú Linux kò lọ sí ibì kankan, kò sì bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti jọra: wọ́n ní bí ẹni tí ó mọ̀ pé àkúdàáyà ti kú bá fojú kàn án, àkúdàáyà yóò pòórá. Zombie inú Linux náà, bí òbí rẹ̀ bá ti yíjú sí i, yóò lọ. Ìjọra yìí dára, ṣùgbọ́n kò tó láti fi sọ ọmọ lórúkọ.

Ohun mìíràn wà tí ó tún burú nínú ká máa fi òkú ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún ọmọ Yorùbá. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Òbí kì í sin ọmọ, èèmọ̀ ni. Bí mo bá wá dúró níwájú kíláàsì tí mo ní ‘ọmọ kú, òbí ni kí ó wá sin ín, bí kò bá sì sin ín, ó ti ṣẹ̀’, ìdí ọ̀rọ̀ náà yóò dàrú mọ́ àwọn tí ń gbọ́ mi lójú. Àṣà wa yóò máa tì wọ́n síhìn-ín, ẹ̀kọ́ yóò máa fà wọ́n sọ́hùn-ún.

Ẹ JẸ́ KÍ Á LỌ SÍ ÒJÉ

Èdè wa ní ohun tí ó bá a mu ju òkú lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni iṣẹ́ tí a ń ṣe àti iṣẹ́ tí a ń rán ni. A ń rán ọmọ níṣẹ́, ọmọ ń jẹ́ iṣẹ́, ó ń padà wá jábọ̀. Gbogbo ohun tí ó wà láàárín òbí àti ọmọ nínú Linux ni ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ti kó tán: iṣẹ́, ìjíṣẹ́, àbọ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú rí i, kí ó lọ sí ọjà aṣọ òfì ní Òjé ní Ìbàdàn lọ́jọ́ ọjà, èyí tí wọ́n ń ná ní ìtàdógún. Ẹ fojú inú wo ìyá aláṣọ kan níbẹ̀ tí èrò pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ó rán ọmọ kan lọ gba owó ní Ọjà’ba, ó rán èkejì lọ fi aṣọ jíṣẹ́ ní Bẹẹrẹ, ó rán ẹ̀kẹta lọ ra òwú. Èyí tí ó lọ sí Ọjà’ba kọ́kọ́ dé. ‘Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Mo ti jẹ́ iṣẹ́ yín.’ Ṣùgbọ́n ìyá ń bá oníbàárà tí ó wá láti Èkó ná aṣọ, kò gbọ́. Ọmọ dúró. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́rùn rẹ̀, ẹrù kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè lọ, nítorí ìyá kò tíì gbọ́ bóyá oníbàárà san owó tàbí kò san. Gbogbo ohun tí ó ń gbà ni ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Bí ó bá jẹ́ òun nìkan, ta ni yóò kà á sí? Ṣùgbọ́n bí ogún ọmọ bá dúró bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ìsọ̀, oníbàárà kò ní rí ọ̀nà wọlé mọ́.

Nísinsìnyí, ẹ sọ fún mi: ta ni a ó nà? Ọmọ tí ó ti jẹ́ iṣẹ́ ni? Ẹ nà án títí di alẹ́, kò ní iṣẹ́ mìíràn tí yóò jẹ́. Ìyá ni kí a fọwọ́ kàn léjìká, kí a ní: ‘Ẹ jọ̀ọ́ Ìyá, ọmọ yín ti dé, ẹ gbọ́ àbọ̀ rẹ̀.’

Nítorí náà ni mo ṣe dábàá adúrójábọ̀ fún zombie inú Linux. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè yóò rí i pé ìṣẹ̀dá rẹ̀ kò ṣàjèjì: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ‘a-’ ni a fi mọ́ àpólà ìṣe ‘dúró jábọ̀’, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i nínú apẹja, adájọ́ àti aránṣọ. Òbí tí kò gba àbọ̀ ni kí á máa pè ní aláìgbàbọ̀. Ẹ wo bí ẹ̀bi ṣe kúrò lọ́rùn ọmọ tí ó bọ́ sí ọrùn ẹni tí ó ni ín, kí a tó ṣe àlàyé kankan.

Àwọn ẹbí rẹ̀ yòókù kò le láti sọ lórúkọ mọ́. Iṣẹ́ tí òbí rẹ̀ parí nígbà tí òun ṣì ń lọ lọ́wọ́ ni ọmọ òrukàn. Ọmọ òrukàn kì í sùn síta nínú agboolé Ìbàdàn. Mógàjí, olórí agboolé, wà níbẹ̀. Nínú Linux, iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ nọ́ńbà 1 ni Mógàjí. Òun ni ó ń gba ọmọ òrukàn tọ́, òun náà ni ó sì ń gba àbọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá ṣe tán. Láti inú Linux 3.4, tí ó jáde ní ọdún 2012, iṣẹ́ mìíràn tún lè sọ ara rẹ̀ di bàbá kékeré, kí ó máa gba ọmọ òrukàn ìsàlẹ̀ rẹ̀ tọ́ kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ Mógàjí. Iṣẹ́ tí a pa tí ó tún ń padà wá nítorí pé a ti pàṣẹ kí á máa tún un bí, ẹ̀yin náà ti mọ orúkọ rẹ̀: àbíkú ni. Ẹ má ṣe pe adúrójábọ̀ ní àbíkú o. Àbíkú ń padà wá. Adúrójábọ̀ kò tíì lọ.

BÍ A ṢE Ń TỌ́JÚ RẸ̀

Bí orúkọ bá tọ̀nà, ìtọ́jú yóò rọrùn láti rántí.

Èkíní, ẹ mọ òbí. Ẹ tẹ àṣẹ yìí:

ps -eo pid,ppid,stat,comm

Níbi tí ẹ bá ti rí lẹ́tà Z lábẹ́ STAT, tí a sì kọ defunct sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ, adúrójábọ̀ nìyẹn. Nọ́ńbà tirẹ̀ kò ní ràn yín lọ́wọ́. Nọ́ńbà òbí rẹ̀, tí ó wà lábẹ́ PPID, ni kí ẹ kọ sílẹ̀.

Èkejì, ẹ fọwọ́ kan òbí léjìká. Bí nọ́ńbà òbí bá jẹ́ 1234, ẹ tẹ:

kill -s CHLD 1234

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ àṣẹ náà dẹ́rù bà yín. Kill ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń fi àmì ránṣẹ́, àwọn kan nínú àmì náà nìkan ni ó sì ń pani. Ẹni tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí ‘pa’ níbi yìí ti ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Èyí tí a rán yìí kàn ń sọ fún òbí pé ọmọ rẹ̀ ti dé ni. Òbí tí a kọ́ dáadáa yóò gbọ́. Òbí tí a kò kọ́ láti gbọ́ kò ní ṣe nǹkan kan.

Ẹ̀kẹta, bí òbí kò bá gbọ́, òun ni a ó dá dúró. Ẹ lo kill lásán kí ẹ tó ronú kan -9, kí ó lè rí àyè palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ní kété tí ó bá lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò di ti Mógàjí, yóò sì gba àbọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí òbí náà jẹ́. Bí ó bá jẹ́ ibi tí àkọsílẹ̀ owó tàbí máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà, ẹ dúró de ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò ní máa lò ó. Ibí yìí ni ewu orúkọ burúkú wà. Ẹni tí ẹ̀rù zombie bá bà yóò lu ọmọ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, yóò wá pa gbogbo kọ̀ǹpútà náà tan lójijì, iṣẹ́ àwọn tí kò ṣẹ̀ yóò sì bá a lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé ìyá kan ṣoṣo ni kò gbọ́ ‘mo ti dé’.

Ẹ̀kẹrin, àti èyí tí ó ṣe kókó jùlọ, ẹ wo ọwọ́ ẹni tí ó kọ ètò náà. Kí ó fi wait tàbí waitpid sí ibi tí ó yẹ. Bí kò bá nílò àbọ̀, kí ó sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nípa fífi SIG_IGN sí SIGCHLD, kernel yóò sì máa jẹ́ kí àwọn ọmọ lọ láìdúró. Òbí tí ó bá ní ‘bí o bá ti jẹ́ iṣẹ́ náà, máa lọ sílé’ kò ṣẹ̀. Èyí tí kò sọ pé òun fẹ́ àbọ̀, tí kò sì sọ pé òun kò fẹ́, ni ó ń kó ọmọ jọ sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn tí ń lo Docker ní láti ṣọ́ra, nítorí nínú àpótí rẹ̀, ètò tiyín gan-an ni ó sábà máa ń di nọ́ńbà 1, ẹni tí kò kọ́ oyè Mógàjí sì lè wà lórí àga náà. Láti ọdún 2017 ni Docker ti ní àṣàyàn --init tí ń fi Mógàjí tòótọ́ síbẹ̀.

ÀBỌ̀ TÍ A KÒ GBÀ

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan onímọ̀ èdè nínú gbogbo èyí. Ohun tí ó kàn mí ni pé ọmọ tí ó bá gbọ́ àlàyé yìí ní èdè tí a fi ń rán an níṣẹ́ nílé yóò lóye rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Èyí tí ó bá gbọ́ ọ pẹ̀lú zombie àti kill yóò há a sórí, yóò sì máa lu òkú. Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan níbi tí a ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí a sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lára ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn. Wọ́n kọ àbọ̀ náà sínú ìwé, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Ìbàdàn ní ọdún 1989.

Iṣẹ́ parí, àbọ̀ wà nílẹ̀, ta ni ó gbà á? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà pé kí á máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kan náà kéde pé a ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí á padà sí. Ìwádìí Ifẹ̀ kò kú, kò sì wà láàyè. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àbọ̀ lọ́wọ́. Nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá sì tún délẹ̀, a óò ní kí á ṣe ìwádìí mìíràn, ìyẹn ni pé kí á tún bí ọmọ mìíràn kí á tún rán an.

Kì í ṣe pé gbogbo àbọ̀ ni a kọ̀ láti gbà. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní ọdún 1984, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì ní ọdún 1990, rí ẹni gbà á. Àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá gbà á, wọ́n ń fi í kọ́ni, ìdí nìyẹn tí mo fi lè kọ ‘àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀’ lókè yìí láìṣe àlàyé. Ní Ìbàdàn yìí kan náà, àjọ Alt-i tí Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá dá sílẹ̀ ti ṣe gudugudu méje lórí èdè Yorùbá àti kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, àìsí ọmọ tí ó lè jẹ́ iṣẹ́ kọ́ ni ìṣòro wa.

Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ mi, èsì mi nìyí: kọ adúrójábọ̀, fi gbólóhùn kan ṣàlàyé rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí ó bá jẹ yọ, kí o sì fi zombie sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé yóò bá a pàdé nínú ìwé àwọn ẹlòmíràn. Bí ẹlòmíràn bá ní orúkọ tí ó dára ju èyí lọ, kí ó mú un wá. Ohun kan ṣoṣo ni n óò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: nínú orúkọ tìrẹ, ta ni a ó nà, ọmọ ni tàbí ìyá?

Ire o.